Ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ mi ní ilé onílé ní Nantes

Ọdún ìwé kan ni mo lò ní Nantes, ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Seconde, ìyẹn àkọ́kọ́ nínú kíláàsì mẹ́ta tí lycée, sẹ́kọ́ńdìrì àgbà wọn, ní. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, ìdílé kan tí a kò mọ̀ rí ló sì gbà mí sílé. Ọ̀sẹ̀ méje tó ṣáájú ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ìgbà tí iléèwé wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án títí dé ọlidé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní Toussaint. Gírámà Faransé kọ́ ló dà mí láàmú. Èyí tí a kọ́ ní Nàìjíríà tó fi bẹ̀rẹ̀. Nǹkan wẹ́wẹ́ tí kò sí nínú ìwé gírámà ló ń sọni di ọ̀dẹ̀ lójú ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àpótí bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè Yúróòpù kì í jẹ́ kí èrò tó ti Nàìjíríà wá gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé, ì báà gbẹ bí òkúta. Kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàràkàṣì, ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ẹja yíyan kò ní wàhálà tí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Iṣu tútù kò lè wọlé láìní ìwé ẹ̀rí pé kò ní kòkòrò. Nínú èso, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, dàbínù àti durian nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Gàárì àti èlùbọ́ ni mo gbé. Ní ti iná, tiwa àti tiwọn dọ́gba ní fóòtì bíi 230, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ iná fún yín. Orí pọ́lọ́ọ̀gì nìkan ló yàtọ̀: tiwa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ, tiwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto. Adápítọ̀ méjì ni mo mú lọ, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún laptop, mi ò sì kábàámọ̀.

Físà tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà mi ni èyí tí wọ́n kọ « mineur scolarisé » sí, ìyẹn ọmọdé tó ń lọ sí iléèwé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò nílò káàdì ìgbélùú, nítorí náà kò sí ọ́fíìsì tí mo ní láti lọ tò sí lẹ́yìn tí mo dé. Iléèwé ló béèrè ìwé. Wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta: diphtheria, tẹ́tánọ́ọ̀sì àti rọpárọsẹ̀. Káàdì yẹ́lò tí ibà pọ́njú nìkan wà nínú rẹ̀ kò dá wọn lóhùn. Káàdì abẹ́rẹ́ ìgbà ọmọdé ni kí ẹ wá jáde nílé kí ẹ tó gbéra. Wọ́n tún béèrè ìwé adójútòfò (insurance) tí wọ́n ń pè ní assurance scolaire. Láìsí i, wọn kì í mú ọmọ jáde fún ìrìn-àjò kíláàsì. Ìdílé tó gbà mí ló bá mi ṣe é.

Ìdí tábìlì oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnìkan bá na abọ́ sí yín tó ní « Tu en veux ? » (ṣé o fẹ́ níbẹ̀?), tí ẹ sì dáhùn pé « Merci », abọ́ náà á kọjá lọ. Létí tiwọn, merci níbẹ̀ túmọ̀ sí « rárá, ẹ ṣé ». Bí ẹ bá fẹ́ jẹ, « Oui, je veux bien » tàbí « Volontiers » ni ìdáhùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé Yorùbá a tún fi tirẹ̀ kún un: a ti kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ kọ̀ díẹ̀, kí àgbà rọ̀ wá, kí a tó gbà. Ará Faransé kì í rọni. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń béèrè, ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n gbà gbọ́, ẹ ó sì gbé ebi sùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ yín. Ọ̀fìn kejì ni bí a ṣe ń sọ pé a ti yó. « Je suis pleine » (mo ti kún) ni ẹnu fẹ́ sọ, àmọ́ ẹranko tó lóyún ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. « J'ai bien mangé » ló tọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́ tàbí bíi ìdajì wákàtí ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ alẹ́, nítorí náà ẹ má fi ìpápánu aago mẹ́rin ààbọ̀ tí wọ́n ń pè ní goûter ṣeré. Búrẹ́dì kì í wọ inú abọ́. Orí tábìlì gan-an ló ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ọwọ́ méjèèjì máa ń wà lókè tábìlì, kì í ṣe lórí itan. Tí wọ́n bá gbé wàràkàṣì onígun mẹ́ta kalẹ̀, ẹ má gé ṣóńṣó orí rẹ̀ jẹ, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń là láti ṣóńṣó dé èèpo, kí ó lè kárí.

Ìkíni. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, torí òun ni a rò pé a mọ̀ jù. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò kọ́kọ́ sọ « Bonjour » kó tó béèrè ohun tó ń wá, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹ kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Títí débẹ̀, ilé ni. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni a ń kí ẹnìkan ní bonjour. Ìyá ilé tí mo kí láàárọ̀, tí mo tún pàdé nínú ilé ìdáná tí mo tún kí, rò pé mo ti gbàgbé pé a ti ríra. Kò sí ẹ kú ìjókòó, kò sí ẹ kú ìdúró. Ohun tí wọ́n ní ni ẹbí « bon » àti « bonne », mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni kọ́ ẹ kú tuntun: « Bon appétit » fún ẹni tó fẹ́ jẹun, « Bon courage » fún ẹni tí iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀ (òun ló sún mọ́ ẹ kú iṣẹ́ jù), « Bonne journée » nígbà tí a bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni lọ́sàn-án, « Bonne soirée » láti nǹkan bí aago mẹ́fà. « Bonne nuit » jẹ́ ó dàárọ̀ gan-an, ẹni tó ń lọ sórí ibùsùn nìkan ló ni ín. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta ọjà.

Ẹ má kúnlẹ̀. Eékún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n sì bi mí bóyá nǹkan mi jábọ́. Ìkíni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní la bise kì í ṣe ìfẹnukonu tòótọ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu á dún bí ìfẹnukonu nínú afẹ́fẹ́. Iye rẹ̀ àti apá tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, nítorí náà mo máa ń dúró gbọn-in kí ẹnì kejì ó bẹ̀rẹ̀, kí orí wa má baà kọlu ara. Tí tíṣà bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ wojú rẹ̀. Wíwo ilẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ nílé, ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ló jọ níbẹ̀.

Tu àti vous, ẹni tó ń sọ Yorùbá ti mọ̀ wọ́n kó tó dé kíláàsì Faransé: o àti ẹ ni. Ibi tí wọ́n ti yà ni inú ilé. Ọmọ Faransé ń pe bàbá àti ìyá rẹ̀ ní tu, ìdílé tó bá sì gbà yín á sọ lọ́jọ́ kìíní pé kí ẹ máa pe àwọn ní tu, pẹ̀lú orúkọ àbísọ wọn. Ẹnu mi wúwo bí ọlọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni « on »: « On mange à quelle heure ? » (aago mélòó ni a ó jẹun?) kò ní o, kò ní ẹ. Ọgbọ́n yẹn gbé mi dé ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà mo gba tu, torí pé vous inú ilé ń jọ ẹni tó fẹ́ jìnnà sí wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kí ẹ ní tu tán kí ẹ tún fi « s'il vous plaît » (ẹ jọ̀ọ́) tẹ̀ lé e. Tíṣà àti òǹtajà, vous ni láéláé, pẹ̀lú Monsieur tàbí Madame láìfi orúkọ kún un. Ẹgbẹ́ yín, tu.

Òǹkà: ọgọ́rin wa jẹ́ ogún mẹ́rin, quatre-vingts tiwọn náà jẹ́ ogún mẹ́rin. Ibi tí a ti pínyà ni 70 àti 90. Àwa yọ ẹ̀wá kúrò nínú 80 àti 100, a ní àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún. Àwọn fi ẹ̀wá lé 60 àti 80, wọ́n ní soixante-dix àti quatre-vingt-dix. Wàhálà rẹ̀ máa ń jáde nígbà tí ẹnìkan bá ń pe nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà wọn jẹ́ mẹ́wàá, méjì méjì ni wọ́n sì ń pè é. Tí ó bá ní « soixante-dix-huit », ọwọ́ yín á ti kọ 60 kó tó dé dix-huit, 78 ló sì ń pè. « Quatre-vingt-quinze » á di 4, 20, 15 lórí ìwé; 95 ni. Bí mo ṣe yanjú rẹ̀ ni pé tí mo bá ti gbọ́ soixante tàbí quatre-vingt, mo gbé bírò sókè, mi ò kọ nǹkan kan títí tó fi dákẹ́ díẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ 1 tí wọ́n bá fi ọwọ́ kọ: ìrù iwájú rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jọ 7 wa. Èyí tí wọ́n fi ìlà dábùú àárín rẹ̀ ni 7.

Iléèwé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó sì lè di aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí a tó parí. Ọ̀sán Wẹ́sìdeè sábà máa ń ṣófo. Ohun tó ń mú àlejò ni pé tímùtébù jẹ́ méjì, ọ̀sẹ̀ A àti ọ̀sẹ̀ B, tí wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Ẹni tí kò wo orí Pronote, áàpù tí ọ̀pọ̀ iléèwé ń lò, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, á jí ní aago mẹ́fà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì tó ṣófo. Áàpù yìí kan náà ló ń sọ nígbà tí tíṣà kò bá wá. Tí ẹ bá pẹ́, ẹ má gba kíláàsì lọ tààrà. Ọ́fíìsì vie scolaire, àwọn tó ń ṣọ́ ẹni tó wá àti ẹni tó pẹ́, ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ gba ìwé.

Ìwé ìkọ̀wé wọn gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́. Ìlà tó nípọn jìnnà síra ní mìlímítà 8, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà láàárín wọn, mìlímítà 2 síra. Orí èyí tó nípọn nìkan ni ọ̀rọ̀ ń jókòó lé. a, e, o kan ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kìíní; d àti t dé ìkejì; l, b, h àti lẹ́tà ńlá dé ìkẹta. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí gbogbo ìlà ní ìdánwò kìíní, ojú ewé náà dúdú bí ẹni tú èèrà sí i. Ìwé tí wọ́n ń ṣe ìdánwò lé, copie double, jẹ́ ojú ewé mẹ́rin: orúkọ, kíláàsì àti ọjọ́ lókè, kí ẹ sì fi ààyè gbọ̀ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí tíṣà lè rí ibi kọ máàkì àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Bírò pupa, tíṣà ló ni ín. Máàkì jẹ́ lórí 20, 10 ni àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, 12 kì í ṣe ìtìjú, 16 ni wọ́n ń pè ní ó dára púpọ̀ nínú baccalauréat, ìdánwò àṣekágbá lycée.

Kọ̀ǹpútà wọn: A wà níbi Q, Z wà níbi W, M bọ́ sí apá ọ̀tún L, nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró sì fẹ́ Shift. AltGr àti 0 ló ń gbé @ jáde. Ẹ kọ́kọ́ tẹ password yín sínú àpótí orúkọ níbi tí ojú ti lè rí i, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ.

Ẹni tó ń bo orí gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó fọwọ́ síwèé. Òfin ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2004 kò gba àmì ẹ̀sìn tó hàn gbangba láyè ní iléèwé ìjọba: híjáàbù àti àgbélébùú ńlá wà níbẹ̀, ní ọdún 2023 wọ́n sì fi abaya kún un. Ẹnu géètì ni a ti ń tú u. Òfin yẹn kò de iléèwé aládàáni ti Kátólíìkì; olúkúlùkù wọn ló ní ìlànà tirẹ̀, ẹ béèrè. Fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, porc àti jambon rọrùn láti dá mọ̀, lardons, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ló ń fara pamọ́ sínú sàláàdì àti quiche.

Ní báyìí, èdè àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kejì mi ní kíláàsì kò sọ « je ne sais pas » (mi ò mọ̀) rí. « Chais pas » ló ń sọ. Wọ́n tún ní verlan, tí ń yí sílébù ọ̀rọ̀ padà: louche di chelou, lourd di relou, fou di ouf. Ẹni tó bá ti fi ẹnà ṣeré lọ́mọdé kò ní pẹ́ mú un. Ẹ gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ má tètè lò ó níwájú tíṣà.

Sátidé àti Sọ́ńdè, tíráàmù àti bọ́ọ̀sì Nantes jẹ́ ọ̀fẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo fi ń mọ ìlú. Sọ́ńdè náà ni mo ń pe ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Faransé fi wákàtí kan ṣáájú Nàìjíríà: aago méje alẹ́ ní Nantes, aago mẹ́fà ní Èkó, màmá mi kò tíì parí iṣẹ́. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, nínú ọlidé Toussaint, wọ́n dá aago padà, aago mẹ́ta òru di méjì. Láti ọjọ́ náà títí dé ìparí oṣù Kẹta, aago ibẹ̀ àti tiwa dọ́gba, mi ò ṣírò kankan mọ́ kí n tó pè.