Bí o bá fẹ́ di nurse practitioner, má gba ibí yìí

Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ń fi nọ́ọ̀sì hàn. Láti 1907 ni ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà nílùú, òun ló di Bowen University Teaching Hospital lónìí. LAUTECH náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nurse practitioner tó gba ẹnu àwọn ọmọ wa báyìí, ìparí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti rí fídíò ẹnìkan ní Texas tó ń yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, tó ń kọ oògùn, tó ń wa mọ́tò ńlá, wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ ṣe nìyẹn. Fídíò kì í sọ pé nínú iṣẹ́ yìí, ìwé kan ló ń bí ìkejì. Bí àkọ́kọ́ bá lábùkù, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó hàn, ìgbà tó bá sì hàn, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nurse practitioner ni nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀, tó tún lọ kàwé dé máásítà tàbí kọjá bẹ́ẹ̀, tí òfin ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ sì gbà á láàyè kó yẹ aláìsàn wò, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó sì kọ oògùn fún un. Ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ni Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Henry Silver tó jẹ́ dókítà ọmọdé ti dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1965, nítorí àwọn ọmọdé tí ọwọ́ wọn kò tó dókítà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì gidi, kò sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà débẹ̀.

Fífi auxiliary bẹ̀rẹ̀

Èyí ló ń dùn mí jù. Ọmọ ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kíní, kò rọ́wọ́ mú. Ó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó jókòó sílé lásán. Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ládùúgbò, wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé àwọn ń gba ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n gba owó aṣọ, ó di ọmọ iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní auxiliary nìyẹn. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ọmọ yìí yóò fi máa nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí yóò máa gún abẹ́rẹ́, tí yóò máa so omi fún aláìsàn, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ òru. Mi ò ní purọ́, àwọn kan nínú wọn mọ iṣan í wá ju nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Lọ́jọ́ tó bá parí, wọ́n á ṣe fírídọ̀mù fún un bí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán: ìrẹsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, aṣọ ẹbí, fọ́tò. Wọ́n á wá gbé satífíkéètì lé e lọ́wọ́, wọ́n ti fi ọ̀rá líle bò ó, wúrà yí etí rẹ̀ ká, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ Certificate in Nursing gàdàgbà sókè.

Satífíkéètì yẹn kò lè gbé e dé ibi kankan. Nursing and Midwifery Council of Nigeria, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ, tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní Council lásán, kò mọ̀ ọ́n rí. Kò lè fi wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba, kò lè fi dín ọdún kù nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn àjọ òkè òkun kò sì ní kà á kún ohunkóhun. Àwọn ìyá a máa bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi ti ń gún abẹ́rẹ́, kí ló tún kù?" Gbogbo ẹ̀ ló kù, ìyá mi. Abẹ́rẹ́ gígún kọ́ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì; mímọ̀ ìgbà tí kò yẹ kí a gún un wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ kí ojú òun mọ ilé ìwòsàn, kó lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún oṣù díẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fẹ́ san fún ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ fi sanwó lesson fún un kó tún WAEC rẹ̀ ṣe.

Pípe CHEW ní ọ̀nà àbùjá

Ẹni tó bá lọ sí àwọn abúlé Oríire tàbí Sùúrùlérè yóò rí i pé ẹni tó ń dá yẹ èèyàn wò nílé ìwòsàn alábọ́dé, tó ń fún ọmọ lóògùn ibà, kì í sábà jẹ́ dókítà. CHEW ni, ìyẹn àwọn Community Health Extension Worker, tó ń tẹ̀ lé ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Standing Orders. Bí ẹ bá fojú lásán wò ó, ó jọ ohun tí nurse practitioner ń ṣe lókè òkun, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kan fi ń sọ pé, "Ṣebí ọ̀kan náà ni, ẹ jẹ́ kó ti ibẹ̀ wọlé."

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ló ń kọ́ àwọn CHEW, àjọ tó ń fún wọn níwèé sì yàtọ̀ sí Council wa pátápátá. Iṣẹ́ wọn níyì, bí kò bá sí wọn, abúlé púpọ̀ ìbá ti ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kó tó wá fẹ́ di nọ́ọ̀sì, iwájú ilẹ̀kùn JAMB ni yóò tún padà sí.

Wíwọ ilé ẹ̀kọ́ láìbéèrè nípa indexing

A gbà ọ́ wọlé, a ti pa adìẹ, a ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ó kù síbì kan. Iye akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí Council gbà kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ níye. Ilé ẹ̀kọ́ yóò fi orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́, Council yóò kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní indexing nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gba ọmọ ju iye tí wọ́n fún un lọ, apá kan nínú wọn kò ní rọ́nà wọlé. Wọ́n á ní kí o lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tàbí kí o dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ kò lè jókòó fún ìdánwò Council, ẹni tí kò ṣe ìdánwò yẹn kò ní RN, ìyẹn ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì (Registered Nurse), àní kó gba BNSc, ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àmì tó gọntíọ.

Nítorí náà, kí o tó san owó kankan, béèrè: ṣé Council fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí, ní ibùdó yìí gan-an, lónìí? Ọmọ mélòó ni wọ́n yọ̀ǹda? Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe indexing? Má gba "à ń ṣe é lọ́wọ́" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Council a máa gbé orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí jáde, lọ wá a kà fúnra rẹ. Ẹni tó sọ fún ọ pé òun mọ èèyàn níbẹ̀, èèyàn tó mọ̀ yẹn kọ́ ni yóò bá ọ jókòó ṣe ìdánwò.

Ti iṣẹ́ tí a ó kà ní sẹ́kọ́ńdìrì kò le: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kírẹ́díìtì nínú márààrún, kó má ju ìjókòó méjì lọ. Nínú JAMB, yọ Ìṣirò kúrò, mẹ́rin yòókù ni. Ọmọ tó bá ti wọ kíláàsì àwọn oníṣẹ́ ọnà nítorí Físíìsì ń bà á lẹ́rù, kó tètè padà.

Àwọn kan sì ń rò pé bí kì í bá ṣe yunifásítì, ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Ẹni tó gba RN nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè kà á lọ sí BNSc. National Open University ń gba àwọn tó ti ní RN fún un. Ohun tó jẹ́ àṣìṣe ni kí o gba RN, kí o dúró síbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, kí o wá máa béèrè pé kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ máásítà ò dá ọ lóhùn.

Rírò pé wàá fò tààrà láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ibí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ìpolówó yóò sọ pé o lè kàwé nurse practitioner ti Amẹ́ríkà láti inú yàrá rẹ. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ kan lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n aláìsàn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá kan tó ní ìwé àṣẹ. Wákàtí 500 ni ó kéré jù tẹ́lẹ̀, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022 sọ ọ́ di 750. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wá ọ̀gá yẹn. Ta ni ìwọ tó wà ní Tákí ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Bó ṣe ń tò tẹ̀ léra nìyí: RN tìrẹ nílé, NCLEX-RN tó jẹ́ ìdánwò nọ́ọ̀sì ti Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ti ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, iṣẹ́, máásítà tàbí DNP (oyè dókítọ̀ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì), ìdánwò nurse practitioner, lẹ́yìn náà ìwé àṣẹ tuntun láti ìpínlẹ̀ tí o ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀. Ní Arizona, nurse practitioner lè dá dúró. Ní Texas tí gbogbo fídíò ti ń wá, ó gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà kó tó lè kọ oògùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ìdánwò CBT tí à ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà àti OSCE tí à ń fi ọwọ́ ṣe lójú olùdánwò ló ń mú ọ wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì wọn, máásítà ló ń tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ oògùn kíkọ sì ń béèrè pé kí o ti lo ọdún kan ó kéré tán nínú ìwé náà.

Àṣìṣe kékeré kan wà nínú ti jápa tó ń náni lówó: kíkánjú ṣe IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè 7 nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ, èsì náà sì ń kú lẹ́yìn ọdún méjì. Ní oṣù Kejì 2024, Council kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìwé àṣẹ rẹ̀ kí àwọn tó fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ òkè òkun. Ariwo sọ lórí rẹ̀. Ìlànà a máa yí padà, nítorí náà ka èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ṣe IELTS lóṣù tí o jáde, ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ.

Orúkọ

WAEC pe ọmọ kan ní Oluwaseun, ìwé ìbí pè é ní Seun, NIN fi orúkọ ìyá àgbà kún un. Ó lọ́kọ, ó yí àpèlé padà ní báńkì àti nínú pásípọ́ọ̀tù, ó fi ìwé Council sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Akọ̀wé tó ń yẹ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì àjèjì wò ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà kò mọ̀, èèyàn mẹ́ta ló rí. Tún un ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àfidáfíìtì lásán, kí gbogbo ìwé jọ ara wọn lẹ́tà fún lẹ́tà.

Fífi owó yan ẹ̀ka

Lóde báyìí, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ni gbogbo èèyàn ń pariwo, wọ́n ní òun ló ń pa owó jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ìdánwò tirẹ̀: ti ìdílé, ti ọmọdé, ti ọmọ ìkókó, ti obìnrin, ti ọpọlọ. Ẹni tó gba ti ìdílé kò lè jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé ti ọpọlọ lòun fẹ́ máa ṣe. Yóò padà sí kíláàsì. Nọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún mẹ́fà ní yàrá ìgbẹ̀bí, tó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, tó wá sá lọ kọ́ ti ọpọlọ nítorí ohun tí ẹnìkan sọ lórí WhatsApp, kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kíkọ ọ́ sára pátákó nílé

Àwọn kan kò fẹ́ lọ sí ibì kankan, inú mi sì ń dùn sí wọn. Ọ̀nà wà fún wọn. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti 1965, ọdún kan náà tí ti Colorado bẹ̀rẹ̀, máásítà sì wà níbẹ̀. UCH ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, Arò ní Abẹ́òkúta ń kọ́ ti ọpọlọ. Ìlànà pínpín iṣẹ́ ìlera tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2014 náà fi iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti dókítà tẹ́lẹ̀ lé nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lọ́wọ́. Má sì jẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ kú: ọdún mẹ́tamẹ́ta ni a ń sọ ọ́ dọ̀tun, Council sì ń béèrè ẹ̀rí pé o lọ sí MCPDP, ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó pọn dandan fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò tíì ní ìwé àṣẹ kan tó ń jẹ́ nurse practitioner. Ẹni tó gba RN, tó ṣí ibi ìtọ́jú sí ẹ̀bá títì, tó ní kí ayàwòrán kọ "Nurse Practitioner" sára pátákó, tó ń kọ oògùn bó ṣe wù ú, kò sí òfin kankan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn. RN, tàbí RM tó jẹ́ ti agbẹ̀bí, ohun tí Council fún ọ gan-an ni kí ayàwòrán kọ.