Wọ́n ti yọ jẹjẹrẹ lójú ológbò mi, kí ló dé tójú ò tíì dáa?

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí ṣáá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó pè. Ọ̀rọ̀ ológbò tí wọ́n gé jẹjẹrẹ awọ kúrò ní ìpéǹpéjú ẹ̀ ni, tí wọ́n wá tún ìpéǹpéjú yẹn ṣe. Àwọn funfun ló pọ̀ jù, torí oòrùn ń jó awọ wọn.

Ojú ẹ̀ wú lọ́jọ́ kejì.
Ó máa wú. Tó bá tún ń wú sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e padà.

Ṣé mo lè yọ kóònù ọrùn ẹ̀, ike tí wọ́n fi ká a lọ́rùn kó má bàa họ ojú?
Rárá. Ọjọ́ 10 sí 14, títí wọ́n á fi yọ okùn tí wọ́n fi rán ojú ẹ̀. Tó bá họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ lè bàjẹ́.

Panadol ńkọ́?
Ó ń pa ológbò! Díẹ̀ báyìí tó o.

Drop ojú tó kù nílé?
Ẹ má dán an wò. Tí steroid (oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀) bá wà nínú ẹ̀, tí egbò sì wà lórí ẹyinjú, ẹyinjú lè lu.

Etí awọ tí wọ́n yá láti ibòmíì rán mọ́ ìpéǹpéjú ẹ̀ ti dúdú, ó tutù.
Ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ nìyẹn. Òní ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi awọ igun ẹnu tún ojú ṣe?
Tí ohun tí wọ́n gé ò bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìpéǹpéjú lọ, wọ́n lè fà á pọ̀ kí wọ́n rán an, àmọ́ tó bá jùyẹn lọ, àfi kí wọ́n yá awọ. Ti igun ẹnu dáa torí inú ẹ̀ tutù, ó ń yọ̀, kì í ha ẹyinjú.

Ọgbẹ́ ti jinná tipẹ́, ojú ṣì ń ṣomi, ó ń dijú.
Èyí ló ti fojú mi rí màbo. Wọ́n gbé abo funfun kan wá, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi tún ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣe, ó lẹ̀ dáadáa, láàbù sì ní kò sí jẹjẹrẹ létí ibi tí wọ́n gé. Mo kán dáì, aró tó ń fi egbò hàn, sí i, egbò hàn lórí ẹyinjú. A lo drop, egbò pa dé, ó tún là, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáírọ́ọ̀sì ni, a wò ó bóyá omijé ò tó, kò sí ńkankan, oní-ológbò ti ń sunkún pé jẹjẹrẹ ti padà dé. Ohun tó là mí lójú ni pé ibì kan náà legbò yẹn máa ń là sí, ọ̀gangan ibi tí etí awọ tuntun kàn. A fún un lóògùn oorun, mo fi gíláàsì amúǹkan-tóbi wò ó: irun! Irun funfun tín-ín-rín tó hù láti ara awọ tí wọ́n yá, ó lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, omijé ò sì jẹ́ kéèyàn rí i. Mo tu ú, egbò jinná, irun hù padà, egbò là padà. Àfìgbà tá a gé etí awọ yẹn díẹ̀, tá a fa awọ tútù inú ìpéǹpéjú jáde bò ó, lojú yẹn tó gbẹ. Àwọn dókítà míì máa ń fi òtútù líle (cryo) pa gbòǹgbò irun, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi tweezers tu ú nílé o, ẹ wá dókítà ẹranko tó mọ iṣẹ́ ojú, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó wá irun.

Ṣé jẹjẹrẹ lè padà?
Ó lè padà. Ẹ gba èsì láàbù, ẹ bèèrè bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Tí ò bá mọ́, wọ́n á tún gé e. Ẹ má jẹ́ kó máa sùn sóòrùn ọ̀sán, ẹ máa yẹ ṣóńṣó etí àti imú ẹ̀ wò, torí ibẹ̀ náà ló máa ń yọ sí.