Ẹ gba àṣẹ iṣẹ́ àtiléṣe sórí ìwé

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ti ilé ṣiṣẹ́ ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba àṣẹ ọ̀gá lẹ́nu lásán. Ẹ gbà á sórí ìwé. WhatsApp pàápàá sàn ju òfo lọ. Òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010 kò yọ ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ níta ọ́fíìsì sílẹ̀, bí ọ̀gá bá ti fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ká má rí i o, bí iná bá gbé yín nídìí kọ̀ǹpútà iṣẹ́, ẹ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-máà-bínú yìí, létí. Owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wọ inú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.