Bí A Ṣe Ń Kọ Kóòdù Nínú Kọ̀ńténà Láì Da Kọ̀ǹpútà Ẹni Rú

Iṣẹ́ kan ní Python 3.8 lòun fẹ́, òmíràn ní ohun tó bá kéré sí 3.12 kò lè gbé òun, ẹ̀kẹta tún ní àfi Node. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa ta kora wọn. Kọ̀ńténà máa ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, tòun ti tẹ́mínà tirẹ̀ (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ). Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ wó yàrá náà, kọ̀ǹpútà yín kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Linux gan-an ló ń ṣe ìpínyà yìí. Docker, irinṣẹ́ kọ̀ńténà tó jáde lọ́dún 2013, ló jẹ́ kó rọrùn fún tolórí tẹlẹ́mù. Nítorí náà, lórí Windows àti Mac, Docker gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé Linux kékeré kan dìde lábẹ́lẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ń jẹ RAM. Ẹni tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ á mọ̀ ọ́n lára.

Bí Windows lẹ ń lò, ẹ ṣí PowerShell ní ipò alákòóso, kí ẹ tẹ `wsl --install`, kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi Docker Desktop sí i. Láti ibẹ̀ lọ, inú Ubuntu (irú Linux kan) tí WSL, ìyẹn ohun tó ń gbé Linux sínú Windows, gbé wá ni kí ẹ ti máa tẹ gbogbo àṣẹ. Lórí Ubuntu gidi, ẹ tẹ:

`sudo apt install docker.io`

Ní tèmi, Podman, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Docker, ni mo fẹ́ràn jù lórí Linux. Abẹ́ agbára root (ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ) ni Docker ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá sì fi sínú ẹgbẹ́ `docker` ti di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ yẹn nìyẹn. Podman kò nílò irú agbára bẹ́ẹ̀, àwọn àṣẹ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: ibi tí mo bá ti kọ `docker`, ẹ fi `podman` rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wọ inú fódà tí kóòdù yín wà, kí ẹ tẹ èyí:

`docker run -it --rm -v "$PWD":/ise -w /ise python:3.12-slim bash`

Bí Ubuntu bá ní ẹ kò láṣẹ, ẹ fi `sudo` ṣáájú rẹ̀. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ àsọdànù nínú rẹ̀. `-it` ló fún yín ní tẹ́mínà tí ẹ lè tẹ nǹkan sí. `--rm` ní kí kọ̀ńténà pa rẹ́ ní gbàrà tí ẹ bá jáde. `-v` so fódà yín pọ̀ mọ́ `/ise` tó wà nínú rẹ̀, `-w` sì ní ibẹ̀ ni kí ẹ bá ara yín. `python:3.12-slim` ni image (àwòṣe tí a fi ń kọ́ kọ̀ńténà) tí a fẹ́ lò. Ẹ má fi `slim` yẹn sílẹ̀ o: èyí tí kò ní in tóbi jù ú lọ fíìfíì, ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà kò gbọdọ̀ fojú di ìyẹn.

Bí ẹ bá ti rí `root@` àti àwọn lẹ́tà òun nọ́ńbà kan níwájú, ẹ ti wọlé. Ẹ dán èyí wò:

`touch a.txt /tmp/b.txt`
`pip install requests`
`exit`

Ẹ tún àṣẹ gígùn yẹn tẹ̀. Ẹ ó bá `a.txt`, torí inú fódà yín ló wà. `b.txt` ti lọ, `requests` náà ti lọ. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: ohun tí ẹ bá kọ, inú fódà ni kó wà, ohun tí ẹ bá sì fẹ́ bá níbẹ̀ nígbàkúùgbà, inú fáìlì tó ń jẹ́ `Dockerfile` ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ to orúkọ àwọn ohun tí iṣẹ́ yín nílò sínú `requirements.txt`, kí ẹ wá kọ èyí sínú `Dockerfile`:

`FROM python:3.12-slim`
`WORKDIR /ise`
`COPY requirements.txt .`
`RUN pip install -r requirements.txt`

Ẹ tẹ `docker build -t ise-mi .` (ẹ má gbàgbé àmì ìdánudúró `.` tó wà níparí), kí ẹ sì fi `ise-mi` rọ́pò `python:3.12-slim` nínú àṣẹ àkọ́kọ́. Bí `requirements.txt` kò bá yí padà, Docker kò ní tún un gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ bí ẹ bá tún un kọ́. Kọ́kọ́rọ́ API àti pásíwọọ̀dù kò gbọdọ̀ wọ inú `Dockerfile` rárá, torí wọ́n á wà nínú image yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá gbà á; inú `.env` ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ fi `--env-file .env` kún àṣẹ.

Ohun méjì ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Lórí Linux, Docker lè sọ fáìlì tuntun di ti root, débi pé ẹ̀yin fúnra yín kò ní lè tún un kọ níta. `--user "$(id -u):$(id -g)"` ló ń wo ìyẹn sàn. Èkejì ni ojúlé tí kò ṣí nínú bíráwúsà. Ẹ fi `-p 8000:8000` sí àṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí sáfà gbọ́ lórí `0.0.0.0`. Fún Django (irinṣẹ́ Python tí a fi ń kọ́ ojúlé):

`python manage.py runserver 0.0.0.0:8000`

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹ tẹ `docker system df` láti wo àyè tó ti jẹ. `docker system prune` á palẹ̀ pàǹtírí mọ́. Bí ẹ bá fi `-a` sí i, á kó gbogbo image tí kò sí kọ̀ńténà tó ń lò ó dànù, ẹ ó sì ní láti tún wọn gbà látòkè délẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára.