Bẹ́ ẹ ṣe máa tún rẹ́kọ́dà onírííìlì ti bàbá yín ṣe láì jó o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní rẹ́kọ́dà onírííìlì nílé, èyí tí bàbá tàbí bàbá àgbà gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn tó wá di ibi tí wọ́n ń gbé fúláwà lé ní pálọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kì í bọ iná o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ti bàbá mi, Revox A77 ni, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1967, ọwọ́ yún èmi náà, mo kì í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, kò pẹ́ rárá tí èéfín fi gba pálọ̀, òórùn ẹ̀ ò kúrò lára kọ́tìnì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì fi tépù sí i, torí inú tépù yẹn ni ohùn ìyá bàbá mi wà níbi tó ti ń ki àwọn ọmọ ẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì.

Ohun tó jó yẹn ò ju kápásítọ̀ kékeré lọ, ìyẹn nǹkan tó ń gbé iná pamọ́ fúngbà díẹ̀ nínú ẹ̀rọ, irú èyí tí bébà wà nínú ẹ̀. Ara ẹ̀ máa ń pọ́n bí oyin, tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i ẹ ó rí i pé ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ojú sísán yẹn ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé láti ọdún yìí wá, iná wá kàn án, ó di èéfín. Torí náà ẹ yọ rẹ́kọ́dà kúrò nínú àpótí igi ẹ̀ ná, wáyà iná ò gbọdọ̀ sí ní ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo àwọn kápásítọ̀ ńlá kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, torí wọ́n lè gbé iná pamọ́ sára. Gbogbo èyí tó pọ́n bí oyin yẹn, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òjé lẹ tuntun sí i, kó jẹ́ X2, irú tí wọ́n ṣe fún iná ilé, kí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Èyí tó bá wú tàbí tó ń jò nínú àwọn yòókù, ẹ pààrọ̀ òun náà. Tí ẹ ò bá mọ iná, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà, ibi tí wọ́n ti ń yan fóltéèjì. Tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ó ṣeé ṣe kó wà lórí 110, bẹ́ẹ̀ iná tiwa ju ìyẹn lọ, ẹ yí i kẹ́ ẹ tó tàn án.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tàn án, ẹ wá gílóòbù ayé àtijọ́ tó máa ń gbóná, 100 wáàtì, kì í ṣe LED o, ẹ so ó sáàárín wáyà kí iná gba inú ẹ̀ kó tó dé rẹ́kọ́dà. Tó bá tàn yòò lẹ́ẹ̀kan tó wá rẹlẹ̀, ó dáa. Tó bá ń tàn yòò tí ò rẹlẹ̀, ẹ pa á kíá, nǹkan kan ń ṣọ́ọ̀tì.

Ìmọ́tótó ló kàn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú tí wọ́n fi ń nu etí àti isopropyl alcohol 99% lẹ máa fi nu hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin kékeré tó ń ka ohùn lára tépù, àti ọ̀pá irin tó ń fa tépù, ìdọ̀tí búráùn á máa jáde bíi tábà, ẹ má dúró títí òwú á fi funfun. Ẹ wá fi èékánná họ ojú hẹ́ẹ̀dì náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Tí èékánná bá há síbì kan, tépù ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Róólà onírọ́bà ní tiẹ̀, omi ọṣẹ fẹ́rẹ́ ló fẹ́, tó bá ti le tó ń dán, ẹ ra tuntun. Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ̀kán kan níbi tí ọ̀pá yẹn ti ń yí, ó tó. Ẹnì kan tó ní òun mọ rẹ́kọ́dà fín ọ́ìlì sí gbogbo inú tèmi títí dé búréèkì, bí mo ṣe tẹ sítọ́ọ̀pù báyìí rííìlì ò dúró, tépù ń dà sílẹ̀ bí ìfun ẹran. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi nu ún.

Tépù tí ò jẹ́ nǹkan kan fún yín lẹ máa kọ́kọ́ fi dán an wò, fún bíi wákàtí kan.

Tó bá wá kan tépù gidi, ẹ gbóòórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé rííìlì náà sókè sójú iná. Tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, ásítéètì ni, irú tépù àtijọ́ kan, já ló máa ń já, tó bá ń rùn bíi fínígà ó ti ń bàjẹ́, ẹ má fi fást-fọ́wọ́ọ̀dù kankan lò ó. Tí tépù bá ń han tó ń lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń yan irú ẹ̀ ní bíi 54°C fún wákàtí mẹ́jọ nínú ẹ̀rọ tí ooru ẹ̀ kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ yan ásítéètì láéláé.

Kẹ́ ẹ tó tẹ pílé, ẹ ti so ọ́ọ̀tùpúùtù ẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù kó máa gbà á sílẹ̀, torí ìgbà àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń lọ sẹ́yìn, ẹ má bẹ̀rù, apá kejì tépù ni, ẹ yí i padà nínú kọ̀ǹpútà. Ti ìyá bàbá mi, 1⅞ ínṣì ní sẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi gbà á, A77 mi ò sì ní ju 3¾ àti 7½ lọ, ohùn wọn wá ń dún bíi ti ẹyẹ. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ lórí 3¾ dópin, mo wá gé ìyára ẹ̀ sí méjì nínú Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe. Ohùn wọn balẹ̀, wọ́n ń ki bàbá mi, àkùkọ kan sì ń kọ lẹ́yìn wọn.