Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ mẹ́fà sí ọkọ̀ ojú irin kékeré mi ní Adó-Èkìtì

Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó forí lé Ìlọrin, ó sì fi àwa àti àwọn òkè wa sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ní ọkọ̀ ojú irin ni mò ń kàn ní ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tí fọkanáísà ìtòsí mi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọ̀gá, ibo lẹ fẹ́ wà á gbà?"

Kékeré ni o, orí tábìlì ló ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n èédú àti omi ló máa fi ṣiṣẹ́ bíi ti àtijọ́, ó sì máa lágbára tó láti fa èèyàn kan tó bá jókòó sórí pákó ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 ló wà láàárín irin méjèèjì, ìyẹn íńṣì 42. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12, íńṣì mẹ́ta àbọ̀ géérégé ni. Íńṣì mẹ́ta àbọ̀ sì ni ọ̀kan nínú ìwọ̀n tí àwọn tó ń kan irú ọkọ̀ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò tipẹ́. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ ńlá ti di íńṣì kan lára tèmi, láìsí ìṣirò kankan.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, méjì méjì lórí ọ̀pá mẹ́ta. Irin dídà ni wọ́n. Àbúrò mi ló kó wọn bọ̀ láti London nígbà Kérésì. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tú báàgì rẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kan yẹ̀ wò, wọ́n ní ṣé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran ni. Mo fi lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí a ṣe ń fá a, fá wọn, mo lu ihò mílímítà 12 sáàárín wọn, mo sì fi ṣóńṣó irin kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọ̀pá tó so àwọn ẹsẹ̀ pọ̀ máa kọ́. Ìka ni mò ń pe ṣóńṣó yẹn.

Ọ̀nà àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú: kí ọ̀pá fi díẹ̀ ju ihò lọ, kí n fi báìsì tẹ̀ ẹ́ wọlé tipátipá. Ó wọlé dé ìdajì, ó wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo yí i, ẹsẹ̀ náà ń mì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ọ̀pá yẹn la fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Mo bá yà sídìí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di bẹ́ríǹgì, Loctite 638. Kì í ṣe súpà gúlù o. Ibi tí irin bá ká a mọ́ tí afẹ́fẹ́ kò sì dé ló ti ń gan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án, omi ló máa jẹ́. Tòun, ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ kéré sí ihò. Mo fá tèmi kéré ní 0.04 mílímítà, kò tó sísanra irun orí, títí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀ láìmì. Mo fi èjìká sílẹ̀ lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ lè mọ ibi tí yóò dúró sí, nítorí nǹkan bíi mílímítà 83 ló yẹ kó wà láàárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó kù kí n fi tíńnà nu gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe nu ti àkọ́kọ́ tán, ọmọṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà gbé e wò. Mo tún un nù.

Lílẹ ẹsẹ̀ kìíní mọ́ ọ̀pá kò le. Èkejì niṣẹ́ wà. Ìka ẹsẹ̀ òsì àti ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí ọ̀kan bá wà ní aago méjìlá, èkejì gbọ́dọ̀ wà ní aago mẹ́ta. Bàbá kan ní Ìdó-Èkìtì, tó ṣiṣẹ́ réluwé ní Òṣogbo kó tó fẹ̀yìn tì, ló là á yé mi.

"Ṣé o ti gun kẹ̀kẹ́ rí?" ni wọ́n bi mí.

"Mo ti gùn ún, Bàbá."

"Bí pẹ́dà kan bá wà lókè téńté, tí èkejì wà nísàlẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?"

Kì í lọ. Èèyàn ní láti tì í díẹ̀ ná. Ọkọ̀ ojú irin náà ní pisítìn kan ní apá kọ̀ọ̀kan, irin tí oru omi ń tì lọ tì bọ̀ láti yí ẹsẹ̀, ó sì ní ibi tí pisítìn kan máa ń kú sí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ìka méjèèjì sí aago mẹ́ta síra wọn, nígbà tí ọ̀kan bá kú, èkejì wà níbi tó ti lágbára jù. Ibi yòówù kí dírẹ́bà ti dúró, ó lè gbéra.

Báyìí ni mo ṣe wọ̀n ọ́n. Mo ra gíláàsì tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fèrèsé, nítorí kò sí tábìlì tó tẹ́jú tó o. Mo gbé ọ̀pá lé orí irin méjì tí mo gé ojú wọn bíi V. Mo ti jẹ́ kí ẹnu ọ̀pá yọ jáde díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mílímítà 12 ni fífẹ̀ rẹ̀, ti ìka jẹ́ 8. Ìdajì ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mílímítà 2. Mo wá gbé irin onígun, èyí tí wọ́n fi ń mọ ohun tó dúró ṣánṣán, náró sórí gíláàsì, mo fi kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀pá; bí ìdí bíìtì díríìlì mílímítà 2 bá há sáàárín irin onígun yẹn àti ìka, ìka náà wà lókè gangan. Ní apá kejì, mo to irin pẹlẹbẹ títí ó fi kan abẹ́ ẹnu ọ̀pá, mo fi bíìtì yẹn lé e lórí, mo gbé ìka sórí bíìtì. Ó ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ nìyẹn. Mo ṣe ọ̀pá méjì bẹ́ẹ̀, ìka kejì ń kọjú sí mi.

Ìgbà tó kan ìkẹta ni wọ́n mú iná lọ. Gọ́ọ̀mù ti wà lára irin, n ò lè dúró. Ọmọṣẹ́ mi tan tọ́ọ̀ṣì, àmọ́ òjìji ara mi ń bo iṣẹ́, ni mo bá bọ́ sí òdìkejì tábìlì. Mo tún mú ìka kejì kọjú sí mi, bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pá ìsopọ̀ apá òsì wọ ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wẹ́rẹ́. Ti apá ọ̀tún wọ méjì, ó kọ ìkẹta. Mo fá a, mo tún un wọ̀n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé díríìlì. Ọmọṣẹ́ mi ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ọ̀gá, àwọn méjì yìí ń wo iwájú, èyí ń wo ẹ̀yìn."

Mo ní kò burú, ká yí ọ̀pá náà po, kí òsì di ọ̀tún. A yí i. Ẹ̀yìn náà ló tún ń wò! Bíi bàtà ẹsẹ̀ òsì ni, bó ti wù kéèyàn yí i tó, ti òsì náà ni. Ó di dandan kí n tú u. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í gbọ́ òòlù, iná ló ń gbọ́, nǹkan bíi 250 lójú òṣùwọ̀n Celsius. Mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí òórùn rẹ̀, mo fi iná gáàsì jó ẹsẹ̀ náà títí ó fi yọ̀ǹda. Mo ha èyí tó ti gan kúrò, mo fi tíńnà nù ún, mo tún un lẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sára tábìlì.

Nígbà tí mo ṣe tán ni mo tó rí i pé irin onígun mi kò tọ́ dáadáa, ó fì bí orí abẹ́rẹ́. Ìyẹn ni pé kò sí èyí tó wà ní aago mẹ́ta gangan. Mo pe Bàbá lórí fóònù pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáà fì bákan náà, ọkọ̀ kò ní mọ̀. Òótọ́ sì ni, nítorí irin onígun kan náà ni mo fi wọn gbogbo wọn. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì ń fún díẹ̀ bó bá ń yí. Mo fi fáìlì róbótó fẹ ihò ọ̀pá ìsopọ̀ kan, ó tú.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá wọ mọ́tò láti Ìdó wá. Mo ti to irin gbọọrọ méjì sórí tábìlì. Wọ́n fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo ti ọkọ̀ náà lọ, wọ́n fà á bọ̀, wọ́n tún tì í lọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n gbé agolo òróró wá.