Bí a ṣe lè fi ìtàn Bíbélì kọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ nídìí àdúrà alẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yàgbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti ní àwọn ìletò àyíká wọn, a máa ń pe àwọn ọmọ jọ fún àdúrà kí a tó sùn. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ni pé a máa ń yára sọ fún wọn pé kí wọ́n ní ìgbàgbọ́, kí wọ́n tó rí ohun tí ẹni inú ìtàn náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ mú ìtàn kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì ti dá kà á dé òpin kí alẹ́ tó lẹ́. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ mú ni ti opó ìlú Sárẹ́fátì, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 17, ẹni tó fẹ́ se oúnjẹ ìkẹyìn fún òun àti ọmọ rẹ̀ nígbà ọ̀dá, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kú. Bí ẹ bá ka ẹsẹ 12, ẹ dúró. Ẹ ní kí ọmọ kan bu ìkúnwọ́ èlùbọ́ kan sínú abọ́, kí ẹ gbé e sí àárín gbogbo yín, nítorí ìkúnwọ́ ìyẹ̀fun nínú ìkòkò àti òróró díẹ̀ nínú kólòbó ni gbogbo ohun tí obìnrin náà ní. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé igi méjì péré ló ń ṣà. Ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ ṣẹ́gi lóko mọ̀ pé igi méjì kò lè se iṣu jinná débi tí a óò fi gún un. Obìnrin náà kò wá igi ọ̀la, torí pé kò retí ọ̀la. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é báyìí, ọmọbìnrin kékeré kan tẹjú mọ́ abọ́ náà, ó ní, "Àǹtí, ti ọmọ rẹ̀ ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó jáde kí ẹ tó kà á pé wòlíì Èlíjà ní kí ó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré wá fún òun.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kíyè sí i pé ìlérí Ọlọ́run ti dé kí opó náà tó po ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ kò tíì yí padà. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló gbára lé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìtàn yìí di ọ̀nà tí a fi ń wá owó. Bíbélì kò sọ pé ìkòkò náà kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ní ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò tán ni. Àwa tí a mọ bí ọwọ́ ṣe ń le kí iṣu tuntun tó jáde mọ bí ìyẹn ti tó.

Ní alẹ́ kejì, ẹ ka ẹsẹ 17 sí 24, níbi tí ọmọ náà ti kú, tí ìyá rẹ̀ fi ìkorò bá Èlíjà sọ̀rọ̀, tí Èlíjà pàápàá sì ké pe Ọlọ́run títí ọmọ náà fi sọjí. Ará Sídónì, ilẹ̀ bàbá Jésébélì, ayaba Ísírẹ́lì tó ń bọ òrìṣà Báálì, ni obìnrin yìí, "Olúwa Ọlọ́run rẹ" ló sì wí fún wòlíì náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹkún ló tó sọ pé òun mọ̀ wàyí pé ènìyàn Ọlọ́run ni Èlíjà. Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè ìdí tí ẹnì kan nínú ẹbí fi kú lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà, ẹ má bá a wí.

Ní ti ìjọsìn, ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 22. Ábúráhámù sọ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé òun àti Ísáákì ọmọ òun ń lọ sìn, àwọn yóò sì padà wá. Ẹ béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú wọn: igi lórí Ísáákì, iná àti ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá dárúkọ ohun kan tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ tó lè fi sin Ọlọ́run lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà alẹ́ ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀.